Ṣáláńgá Tí Kì í Lé Ẹni Jáde

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá sí etí yín lónìí jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn baba wa kì í dédé là lójú àlejò. Bí ó bá di dandan kí wọ́n sọ ọ́, wọn a kọ́kọ́ tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àgbà, wọn a wá ní àwọn fẹ́ ṣe gáà, tàbí pé àwọn fẹ́ yà sẹ́yìnkùlé díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó jẹ́ pé ọba ń ṣe é, ìjòyè ń ṣe é, arúgbó ń ṣe é, ọmọ ọwọ́ tí a bí lánàá náà ń ṣe é, tí kò sì sí ẹni tí ó lè bẹ ẹlòmíràn níṣẹ́ kí ó bá òun ṣe é, èmi náà tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹ̀yin àgbà, mo fẹ́ pe ohun náà ní orúkọ rẹ̀: ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ni, àti ọ̀rọ̀ ilé tí ó yẹ kí a máa yà á sí.

Ṣáláńgá kan wà lẹ́yìn agbo ilé bàbá bàbá mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ihò jíjìn ni, pákó méjì ni wọ́n gbé dábùú ẹnu rẹ̀, àlàfo tí ó wà láàrin pákó méjèèjì sì fẹ̀ débi pé bí ọmọ ọdún mẹ́rin bá ṣi ẹsẹ̀ gbé, a ó máa fi okùn wá a ni. Ògiri amọ̀ yí i ká, imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi bò ó lórí. Bí ìyá mi àgbà bá fẹ́ lọ síbẹ̀ ní ìdájí, wọn a fi iná sí ògùṣọ̀, wọn a jẹ́ kí ó jó díẹ̀, wọn a wá pa ọwọ́ iná náà kí ó lè máa rú èéfín, wọn a sì gbé èéfín náà ṣáájú wọlé bí ẹni tí ń lé ọ̀tá sẹ́yìn, nítorí pé òórùn tí ó wà níbẹ̀ àti eṣinṣin tí ń kùn níbẹ̀ kò ṣeé dojú kọ lọ́wọ́ òfo. Àwa ọmọdé kò ní sùúrù ògùṣọ̀. A ó sáré kọjá ṣáláńgá, a ó gba ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ, ó di inú igbó lẹ́bàá odò, odò kan náà tí a ó tún gbé korobá lọ pọn ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Ṣáláńgá wà, àwa ni kò sí nínú rẹ̀.

Mo fi ọ̀rọ̀ ara mi ṣáájú nítorí pé mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ní omi nínú ilé pé ọ̀bùn ni ẹni tí ń yàgbẹ́ sínú igbó, àti pé bí a bá ti fi òfin dẹ́rù bà á, yóò jáwọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fi ọwọ́ sí àṣẹ tí ó ní kí ìgbẹ́ yíyà ní gbangba kúrò ní Nàìjíríà nígbà tí yóò bá fi di ọdún 2025. Ìwádìí tí a ṣe jákèjádò orílẹ̀-èdè ní ọdún 2021 sì fi hàn pé àwọn tí kò ní ibòmíràn ju igbó àti gbangba lọ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 48. Ọdún 2025 náà dé, ààtàn kò sì gbófo. Òjò ṣì ń gbá ohun tí ó wà nínú igbó lọ sínú odò, odò ṣì ń gbé onígbáméjì àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun wá sínú ìkòkò, ìgbẹ́ gbuuru ṣì ń gba ọmọ lẹ́yìn ìyá wọn, aràn sì wà nínú ilẹ̀ tútù tí ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ tí kò wọ bàtà wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí kórìíra ìmọ́tótó. Ohun kan ni ó ń lé wọn jáde nínú ilé ìgbẹ́ tí a kọ́ fún wọn, ẹni tí ó bá sì fẹ́ kọ́ ilé ìgbẹ́ olówó pọ́ọ́kú tí ènìyàn yóò wọ̀ ní òótọ́, ó di dandan kí ó mọ ohun náà kí ó tó bu omi sí sìmẹ́ńtì. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí ilẹ̀ tí à ń pè ní Sìmbábúè lónìí, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Rhodesia nígbà náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan tí ń jẹ́ Peter Morgan ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí tí wọ́n ń pè ní Blair, iṣẹ́ tí ó sì gbà lé ara rẹ̀ lọ́wọ́ ni pé kí ó wá ohun tí a lè ṣe sí ṣáláńgá lásán, ṣáláńgá ará oko, kí òórùn àti eṣinṣin lè kúrò níbẹ̀ láìlo omi, láìlo iná mànàmáná, láìlo oògùn. Páìpù kan ni ó fi kún un. Ihò méjì ni wọ́n dá sí ìdérí kòtò, ọ̀kan fún ẹni tí yóò lóṣòó, ìkejì fún páìpù. Páìpù náà yóò gba ẹ̀yìn ògiri gòkè, yóò sì yọ kọjá òrùlé ní nǹkan bí ìdajì mítà. Bí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́ kọjá lẹ́nu páìpù lókè, yóò máa fa afẹ́fẹ́ inú kòtò jáde. Bí ti inú kòtò sì ti ń jáde, afẹ́fẹ́ tútù láti ìta yóò máa gba ẹnu ọ̀nà wọlé, yóò máa gba ihò tí a lóṣòó lé wọ kòtò lọ láti dí àyè rẹ̀. Nítorí náà òórùn kò rí ọ̀nà gòkè bá ẹni tí ó lóṣòó. Òkè òrùlé ni ó ń bá jáde, níbi tí imú ẹnikẹ́ni kò sí.

Ti eṣinṣin ni ó wú mi lórí jù. Wọ́n ta àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kéré sí ẹnu páìpù lókè. Eṣinṣin tí ń bẹ lóde gbọ́ òórùn níbẹ̀, ó fò lọ síbẹ̀, ó bá àwọ̀n. Kò lè wọlé. Èyí tí ó sì ti bá ihò wọlé, tàbí tí ó jáde láti inú ẹyin nínú kòtò, bí ó bá fẹ́ jáde, ìmọ́lẹ̀ ni yóò máa wò, nítorí ìmọ́lẹ̀ ni eṣinṣin ń tọ̀ lọ. Bí inú ilé náà bá ṣókùnkùn díẹ̀, kò sí ìmọ́lẹ̀ kankan tí yóò rí láti ìsàlẹ̀ ju ti ẹnu páìpù lọ. Yóò fò gòkè, yóò forí gbá àwọ̀n, yóò tún gbìyànjú, títí yóò fi rẹ̀ ẹ́ tí yóò jábọ́ kú. Eṣinṣin ò mọkú, jíjẹ ni tirẹ̀, àwọn àgbà ti rí ìyẹn tipẹ́. Ohun tí Morgan ṣe ni pé ó fi ìwà náà dẹ pàkúté fún un. Ní àwọn oṣù tí ó kẹ́yìn ọdún 1975, wọ́n fi ọjọ́ 78 ka eṣinṣin tí ó jáde láti inú ṣáláńgá méjì tí ohun gbogbo wọn dọ́gba àfi páìpù. Èyí tí kò ní páìpù, eṣinṣin 13,953 ni wọ́n mú níbẹ̀. Èyí tí ó ní páìpù, 146. Mo mọ̀ pé òǹkà kì í rọrùn láti dì mú lórí rédíò, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: ti àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ẹgbàá méje, ti ìkejì kò tó àádọ́jọ.

Nítorí òkùnkùn díẹ̀ tí mo wí yìí ni wọ́n fi ń mọ ògiri rẹ̀ ká bí ìkarahun ìgbín, tí ènìyàn yóò yí wọ inú rẹ̀ láìsí ilẹ̀kùn rárá. Ẹ wo ọgbọ́n náà: ilẹ̀kùn ni ó máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ ní ilé ìgbẹ́ gbogbogbòò, agánrándì rẹ̀ ń náni lówó, ẹni tí ó sì jáde kì í sábà rántí tì í, ìgbà tí kò wá sí ilẹ̀kùn, kò sí ohun tí yóò bàjẹ́, owó dínkù, òkùnkùn sì wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru.

Ó dùn mí pé mo ti rí ibi tí wọ́n ti ba ọgbọ́n yìí jẹ́ nílẹ̀ wa níbí. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo dé ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ, níbi tí agbaṣẹ́ṣe kan ti kọ́ ilé ìgbẹ́ oníyàrá mẹ́rin, ọ̀dà ara rẹ̀ ṣì ń dán. Mo wò ó yí ká. Páìpù wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n abẹ́ páànù ni ó pin sí, kò rí ojú ọ̀run, kò rí atẹ́gùn. Wáyà lásán ni àwọ̀n ẹnu rẹ̀, ooru inú kòtò ti jẹ ẹ́, ó ti dípẹtà, ó ti já. Fèrèsé ńlá wà lára ògiri, oòrùn ń ràn wọlé bí ẹni pé yàrá ìkàwé ni, eṣinṣin inú kòtò sì ń rí ìmọ́lẹ̀ yàrá ju ti páìpù lọ. Àwọn tí ń bójú tó o tún wá fi pákó dé ihò kí òórùn má baà jáde, wọn kò mọ̀ pé ihò tí wọ́n dé ni ọ̀nà kan ṣoṣo tí atẹ́gùn ì bá gbà wọlé láti lé òórùn náà gòkè. Olùkọ́ kan tí ó mú mi yí ká sọ fún mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dá wa lẹ́bi, àwọn ọmọ yìí ni kò fẹ́ràn ìmọ́tótó, inú oko ẹ̀gẹ́ yẹn ni wọ́n ń lọ." Mo bọ́ sínú ọ̀kan nínú àwọn yàrá náà, mo sì gbìyànjú láti dúró níbẹ̀ bí ẹni tí yóò lò ó. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí omi bọ́ lójú mi. Èmi náà jáde. Àwọn ọmọ náà kò jẹ̀bi ohunkóhun.

Kì í ṣe òórùn nìkan ni ó ń léni. Ẹ̀rù wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹ̀rù pákó tí ikán ti jẹ lábẹ́, ẹ̀rù ihò tí ó fẹ̀ ju ìdí ọmọdé lọ. Ìyá tí ó bá sì ní àròjinlẹ̀ kò ní rán ọmọ rẹ̀ kékeré lọ síbẹ̀, yóò ní kí ó ṣe é sórí bébà, yóò dà á sí ààtàn, yóò sì máa tu ara rẹ̀ nínú pé ìgbẹ́ ọmọdé kì í ṣe nǹkan. Nǹkan ni o. Kòkòrò àrùn tí ó wà nínú rẹ̀ kò mọ ọmọdé yàtọ̀ sí àgbà. Ní Mòsámbíìkì, lẹ́yìn tí wọ́n gba òmìnira ní ọdún 1975, tí èrò ń wọ́ tìrítìrí wá sí ẹ̀gbẹ̀gbẹ́ ìlú Maputo, ayàwòrán-ilé kan láti Súwídìn tí ń jẹ́ Björn Brandberg dojú kọ ìṣòro yìí gan-an ní ọdún 1979. Ìdérí kòtò tí a fi kọnkéré ṣe ni ó lè ju ikán lọ, ṣùgbọ́n bí ó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, irin ni a ó tò sí i nínú kí ó má baà ṣẹ́, irin sì wọ́n. Ó wá ṣe tirẹ̀ ní yíyíká, ó jẹ́ kí àárín rẹ̀ yọ sókè díẹ̀ bí ẹ̀yìn igbá tí a dojú rẹ̀ dé, nínípọn rẹ̀ kò ju mìlímítà 40 lọ, kò sì sí irin kankan nínú rẹ̀. Ẹ rí bí èèpo ẹyin ti fẹ́lẹ́ tó, síbẹ̀ bí ẹ bá fún un ní orí àti ìdí láàrin àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, kò ní fọ́ bọ̀rọ̀. Ọgbọ́n kan náà ni, ìwúwo ẹni tí ó dúró lé e ń tì lọ sí etí, kò dá dúró sí àárín. Nítorí pé ó rí róbótó, wọ́n lè gbé e nàró kí wọ́n máa yí i lọ bí táyà dé ẹ̀yìnkùlé ẹni tí ó rà á. Ó mọ ibi ìtẹ̀lẹ́sẹ̀ méjì tí ó ga sí i, kí àgbàlagbà lè fi ẹsẹ̀ wá a rí nínú òkùnkùn. Ó mú kí ihò kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ kò fi lè bá a lọ. Ó sì da ọmọrí ihò náà sínú ihò fúnra rẹ̀, kí ó lè bá a mu wẹ́kú. Ẹ kíyè sí i pé tirẹ̀ kò ní páìpù, ọmọrí ni ó ń dí òórùn àti eṣinṣin mọ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú méjèèjì ni ènìyàn yóò mú: páìpù tí ihò rẹ̀ ṣí, tàbí ihò tí ọmọrí rẹ̀ dé gírígírí. Àdàlù méjèèjì ni ó pa ilé ẹ̀kọ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Ìgbà tí kòtò bá wá kún ńkọ́? Àwọn tí wọ́n dàgbà ní Ìsàlẹ̀ Èkó láyé àtijọ́ yóò rántí agbépóò, ọkùnrin tí ń fi aṣọ bo ojú kiri lóru, tí póò wà lórí rẹ̀, tí ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí àwọn ọmọ ń kọrin bú láti inú fèrèsé, tí ẹnikẹ́ni kò sì jẹ́ fi ọmọ fún. Ẹni tó ṣu ni í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ní ilẹ̀ Íńdíà, ohun tí ó burú ju ìyẹn lọ ni, nítorí pé níbẹ̀, ìdílé ni a ti ń bí ènìyàn sínú iṣẹ́ náà, ẹni tí a bá sì bí sínú rẹ̀, wọn kì í fara kàn án. Bindeshwar Pathak, tí wọ́n bí ní ìpínlẹ̀ Bihar ní ọdún 1943 sínú ìdílé àwọn Brahmin, àwọn tí wọ́n kà sí ẹni gíga jù láwùjọ, fi ọwọ́ kan obìnrin kan tí a bí sínú iṣẹ́ náà nígbà tí ó wà lọ́mọdé, ìyá rẹ̀ àgbà sì fi ìgbẹ́ màlúù, ìtọ̀ màlúù àti omi odò Ganges sí i lẹ́nu kí ó lè mọ́. Nígbà tí ó dàgbà, tí ó ń gbé láàrin àwọn ènìyàn wọ̀nyí nítorí iṣẹ́ ìgbìmọ̀ tí ń ṣe ìrántí ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n bí Gandhi, aṣáájú òmìnira Íńdíà, ó rí ọmọdékùnrin kan tí akọ màlúù kàn. Èrò sáré lọ gbà á, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan ti pariwo pé àdúgbò àwọn agbégbẹ̀ẹ́ ni ọmọ náà ti wá, gbogbo wọn fi í sílẹ̀. Ọmọ náà kú.

Ní ọdún 1970 ni Pathak dá ẹgbẹ́ Sulabh sílẹ̀, ohun ìjà tí ó sì mú lọ sógun ni kòtò méjì. Àwo ìyàgbẹ́ rẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí omi lítà kan ààbọ̀ sí méjì fi lè gbá ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lọ. Omi díẹ̀ ń kù nínú ìkọ́rọ́ ọrùn rẹ̀ tí ń dí òórùn. Ọ̀nà omi náà pín sí méjì bí oríta, wọ́n fi bíríkì dí ọ̀kan, ìkejì ń ṣàn lọ sínú kòtò kìíní, tí wọ́n fi bíríkì alálàfo mọ kí omi lè máa rin ilẹ̀ lọ. Bí kòtò kìíní bá kún lẹ́yìn ọdún mélòó kan, a ó ṣí bíríkì kúrò níhìn-ín, a ó fi í dí ọ̀hún, kòtò kejì yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kìíní yóò sì lọ sinmi. Fún bí ọdún méjì tí ó fi ń sinmi, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ń di erùpẹ̀: kò rùn mọ́, kò lẹ̀ mọ́ ọkọ́ mọ́, baálé ilé fúnra rẹ̀ lè kó o lọ sí oko rẹ̀ bí ẹni kó ilẹ̀dú. Agbépóò kò níṣẹ́ níbẹ̀ mọ́, ohun tí Pathak sì ń wá gan-an nìyẹn, kí ẹni tí ń ru ìgbẹ́ lè rí iṣẹ́ mìíràn tí yóò gbé orí rẹ̀ sókè. Ọdún mẹ́ta gbáko ni kò rí ẹni gbà á gbọ́. Ní ọdún 1973, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan ní ìlú Arrah fún un ní rúpíì 500 kí ó kọ́ méjì wò. Láti orí méjì yẹn ni iṣẹ́ náà ti tàn ká Íńdíà, títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 2023.

Síbẹ̀ n kò ní sọ pé kí gbogbo wa lọ kọ́ ti Pathak. Ìka tó tọ́ símú là á fi í romú. Níbi tí wọ́n ti ń fi omi inú kẹ́tù ṣan ìdí, yóò bá wọn lára mu dáadáa. Níbi tí ó jẹ́ ṣùkù àgbàdo tàbí ìwé ìròyìn ni wọ́n ń fi nu ara, ọrùn àwo náà yóò dí kí oṣù tó parí. Níbi tí ìyàwó ilé sì ti ń rin máìlì kan kí ó tó rí omi korobá kan, kò ní bu lítà méjì nínú rẹ̀ dà sórí ìgbẹ́, òun ni ó sì gbọ́n. Ti ilẹ̀ náà tún wà níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ kòtò kò gbọdọ̀ sún mọ́ omi abẹ́ ilẹ̀ ju mítà méjì lọ, ó sì dára kí kàǹga jìnnà sí i tó 30 mítà. Bí ènìyàn bá wà létí ọ̀sà, bíi ti àwọn ará Ìlàjẹ, tí omi ń rú jáde kí ọkọ́ tó wọ ilẹ̀ dé orúnkún, kòtò jíjìn ti di èèwọ̀ fún un, ibi gíga ni yóò mọ ọ́n sí.

Ní ti owó, èyí tí gbogbo yín ti ń retí, ohun tí mo mọ̀ ni pé ògiri àti òrùlé ni ó ń gbé owó jù, àwọn gan-an ni kò sì ṣe pàtàkì fún ìlera. Bí a gúnyán nínú ewé, tí a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó: imọ̀ ọ̀pẹ, ẹní, amọ̀, páànù àlòkù, gbogbo rẹ̀ ni ó lè bo ènìyàn láṣìírí bí inú rẹ̀ bá ti ṣókùnkùn. Ṣùgbọ́n ìdérí kòtò, páìpù àti àwọ̀n ẹnu rẹ̀, ẹ má fi nǹkan jìn wọ́n. Nígbà tí a tún ṣáláńgá agbo ilé wa ṣe, bíríkìlà tí a gbà ní kí a gé lára àwọ̀n ẹ̀fọn tí ó wà nílé, pé òun kò rí ohun tí a fẹ́ máa náwó lé lórí lókè páìpù tí ẹnikẹ́ni kò ní wò. Mo rọ̀ ọ́, ó gbà. Alumíníọ́mù ni a rà, nítorí pé oòrùn àti ooru kòtò kì í tètè jẹ ẹ́. Ògiri amọ̀ àtijọ́ náà ni a tún rẹ́, a kò mọ òmíràn.

Ọjọ́ tí a parí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, àwọn ni wọ́n dàgbà jù nínú agbo ilé báyìí, wọ́n fi iná sí ògùṣọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyá wọn ti máa ń ṣe, wọ́n pa ọwọ́ iná rẹ̀, wọ́n gbé e wọlé. Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ gbé e súnmọ́ ihò kí a wò ó. Èéfín náà kọ́kọ́ dúró, ó tẹ̀ bí ẹni tí ń wo ìsàlẹ̀, ó sì ń wọ inú ihò lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò gòkè mọ́. Àwọn ọmọ tí ó wà lóde pariwo. A jáde lọ bá wọn, a wo òkè: ó ń jáde lẹ́nu páìpù lókè òrùlé, tẹ́ẹ́rẹ́, atẹ́gùn sì ń gbé e lọ sí apá ibi tí igbó wà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wò ó fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ju ògùṣọ̀ náà sílẹ̀, wọ́n fi bàtà tẹ̀ ẹ́ pa.